Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ṣe lè fi òwúrọ̀ ṣiṣẹ́ ìlú, kí wọ́n fi ọ̀sán ṣe fàájì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní yunifásítì ni kò mọ̀ ju ìpàdé lọ. Wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, wọ́n á jiyàn lórí owó ẹgbẹ́, wọ́n á mu mínírà, wọ́n á túká. Tó bá máa fi di ìpàdé kẹrin, alága, akọ̀wé àti akápò nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn mìíràn, àríyá nìkan ni tiwọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọn ò sì ní gbúròó ara wọn mọ́ títí di ọdún mìíràn.

Èyí tí mo fara mọ́ ni kí iṣẹ́ àti fàájì wà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ẹ jọ jẹun lọ́sàn-án, kí kálukú ti máa lọ sílé tó bá di aago mẹ́rin. Àwọn tó ti jọ gbé bẹ́ǹṣì láàárọ̀ kì í jókòó bí àlejò síra wọn nídìí oúnjẹ. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń pè

Ọdún 1990 ni wọ́n dá LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, sílẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn mìíràn ti ń fọmọ fọ́kọ, nígbà tí àwọn tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí ṣì ń wá iṣẹ́ kiri. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ni tiyín, èyí tó ti wà láti 1948, àlàfo yẹn tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ ìbòòji àti àga tó ní ẹ̀yìn. Àbúrò ń fẹ́ orin, ó sì ń wá ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò sí èyí tó máa là á mọ́lẹ̀ fún yín nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ fi ẹni mẹ́ta ṣe ìgbìmọ̀: ẹnì kan láti inú àwọn sẹ́tì àkọ́kọ́, ẹnì kan láàárín, ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀. Ẹ má fi ẹni méjìlá ṣe é. Tí ẹ bá yan ẹni méjìlá, ẹni mẹ́ta náà ló máa ṣiṣẹ́, àwọn mẹ́sàn-án tó kù á máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ẹ rántí pé agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ sí àdúgbò Tákíé àti Under G tó wà láàárín ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀: Àríwá, Gúúsù, Súrùlérè, Oríire àti Ògo Olúwa. Ẹni tó ń kọ́ni ní Ikòyí tàbí tó ń dáko ní Ajáàwá, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè mú un jókòó sílé. Kí ẹni tó ní mọ́tò ní apá ọ̀dọ̀ wọn kó wọn wá, tàbí kí ẹgbẹ́ yọ owó ọkọ̀ wọn sọ́tọ̀. Ẹ fi jẹ́jẹ́ ṣe é, kó má di ohun tí wọn yóò máa sọ láàárín èrò.

Ẹ wádìí kí ẹ tó gbé nǹkan lọ

Ẹgbẹ́ á jókòó sí yàrá ìpàdé, wọ́n á pinnu pé ìwé àjákọ ni ilé ìwé kan ń fẹ́. Wọ́n á kó o sínú ọ̀rá, wọ́n á tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára rẹ̀, wọ́n á lọ ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ìwé àjákọ tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kó wá ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí ẹni méjì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí iléèwé wọlé, kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ bi ọ̀gá ilé ìwé pé, «Kí lẹ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí tí ẹ ò tíì rí, sà?» Lẹ́yìn náà kí ẹ ya ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ lábẹ́ igi. Òun náà ń rí ohun tó ń lọ. Tí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ìwé yẹn ni ẹ máa nà sí ẹnikẹ́ni tó bá dé lọ́jọ́ náà tó ń béèrè ẹni tó ní kí ẹ wọlé.

Ká ní bẹ́ǹṣì ni wọ́n dárúkọ. Ẹ mú káfíńtà dání nígbà tí ẹ máa padà lọ, kí ẹ sì mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹ yí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan dojú dé. Ibi mẹ́ta ni ẹ máa wò: ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ ìjókòó, igi ìdábùú tó so ẹsẹ̀ pọ̀, àti pákó ìjókòó fúnra rẹ̀. Èyí tó kàn ń mì nítorí pé ìṣó rẹ̀ ti yọ, ẹ fa ìlà kan sí i lára. Èyí tó nílò pákó tuntun, ìlà méjì. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, tí èékánná lè wọlé sí i, ẹ fa àgbélébùú sí i. Igi ìdáná ni, kò yẹ kí owó ẹgbẹ́ bá a lọ. Ká tó jáde níbẹ̀, káfíńtà á ti mọ iye pákó, iye ìṣó àti iye gọ́ọ̀mù igi tí ẹ máa rà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bá a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníplánǹkì. Ẹ ò fura sí i o, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan.

Kí káfíńtà wá ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, kó gé pákó, kó kan èyí tó le. Ní Sátidé, iṣẹ́ tí ẹ̀yin máa ṣe ni kí ẹ gbé, kí ẹ fi sáńpépà ha, kí ẹ kùn. Òòlù kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ níwájú èrò. Akáǹtáǹtì tó gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀ á kàn dá iṣẹ́ dúró ni. Sáńpépà gan-an ni iṣẹ́ tó máa ń mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn, nítorí ọwọ́ ló ń ṣe é, ẹnu ò níṣẹ́. Ẹ ha etí pákó dáadáa, àti abẹ́ ibi tí itan máa ń kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gún igi ti ń wọ ọmọ lára. Ẹ má sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sí bẹ́ǹṣì bíi pósítà olóṣèlú. Ẹ ya fọ́tò bẹ́ǹṣì àti ti ara yín tó bá wù yín. Ẹ fi ojú àwọn ọmọ sílẹ̀.

Tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì bá pọ̀ láàárín yín, ẹ lè yan yíyẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Kí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé apá sórí tábìlì, kí wọ́n má so ẹ̀rọ náà lé orí aṣọ, kí òun náà má sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé fún un kó mú un lọ sílé ìwòsàn, bóyá ti LAUTECH tàbí ti Yunifásítì Bowen, èyí tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1907 nígbà tó ṣì wà lábẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ẹ má pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lábẹ́ kánópì. Ẹni tí ẹ fún ní wóró mẹ́wàá lónìí, ta ló máa fún un ní ìkọkànlá?

Fífi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ náà tún dára, ó sì rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ilé ìwòsàn ló ní irinṣẹ́, èèyàn ni ẹ̀yin ń kó lọ. Kí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti pé ọdún 18, kó wọ̀n tó kílò 50, kó ti jẹun, kó ti mu omi. Nǹkan bíi mìlílítà 450 ni wọ́n ń gbà. Ọkùnrin lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ohun kan tí ẹgbẹ́ kì í rò tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kòkòrò HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú àti rẹ́kórẹ́kó, wọ́n á sì dá àwọn kan padà. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́nu ọ̀nà máa ka ẹni tó fi sílẹ̀ àti ẹni tí kò fi sílẹ̀, kí wọ́n má sì gbé orúkọ kankan sórí WhatsApp.

Ní ti igi gbíngbìn, oṣù Kẹfà tàbí Keje ni kí ẹ ṣe é, kí òjò lè bá yín bomi rin ín. Kí ẹ sì ṣe ọgbà yí i ká lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín, torí ewúrẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dúró dọ̀la.

Ọjọ́ àti ìkéde

Ẹ bi àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ kí ẹ tó mú ọjọ́. Àwọn ló mọ Sátidé tí aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀ fún. Ẹ yẹra fún oṣù Kejìlá pátápátá, ẹ yẹra fún àkókò ààwẹ̀ Ramadan torí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má sì fi iṣẹ́ ilé ìwé sí àsìkò ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni kí ẹ ti kéde rẹ̀, kí ẹ rán wọn létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún rán wọn létí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ má kọ «ta ló máa wá?» sórí WhatsApp. Gbogbo wọn ló máa ní àwọn ń bọ̀. Ẹ kọ «ta ló máa gbé kúlà wá? Ta ló ní búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà? Ta ló lè fi mọ́tò gbé ẹni méjì wá láti Arówómọlẹ̀?» Ẹni tó ti ṣèlérí kúlà kì í fẹ́ kí omi gbígbóná jẹ́ ẹ̀bi òun. Síbẹ̀, tí ẹni ogójì bá ní àwọn ń bọ̀, ẹ máa retí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Owó

Ẹ má fi àkáǹtì ẹnì kan gba owó bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Kó jẹ́ àkáǹtì tó ní orúkọ ẹgbẹ́, tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ọ̀pọ̀ báńkì máa béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí irú rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ohun èlò iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ san, kí ó kan káfíńtà, kí ó kan oúnjẹ. Aṣọ pólò tó ní orúkọ ẹgbẹ́ ló kẹ́yìn. Ká tiẹ̀ ní kò sí i rárá, bẹ́ǹṣì á ṣì dúró.

Tí ẹ bá máa gbé orúkọ àwọn tó dáwó jáde, ẹ gbé orúkọ nìkan, kí ẹ kọ àpapọ̀ owó sí ìsàlẹ̀. Tí iye tí kálukú dá bá hàn, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì á dákẹ́, kò sì ní yọjú lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Àwọn tó wà lókè òkun ńkọ́? Ẹ pè wọ́n sórí fídíò nígbà tí ẹ bá ń jẹun, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń wá owó nìkan.

Ọjọ́ náà gan-an

Aago méje ààbọ̀ ni kí ẹ pè é, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ. Oríkì ìlú yìí ní ọkà ni wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà: ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ọkà lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ti jẹ ọkà tán kò ní fi sáńpépà ha nǹkan kan.

Ẹ pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí àgbà, àárín àti àbúrò pò pọ̀ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba iye bẹ́ǹṣì tiwọn. Kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà nílẹ̀, àti omi púpọ̀. Tó bá di aago méjìlá, ẹ dáwọ́ dúró yálà ó tán tàbí kò tán. Káfíńtà lè parí èyí tó kù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ san owó rẹ̀ pé.

Níbi oúnjẹ, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ti tó. Kò sí àlejò pàtàkì, kò sí tábìlì gíga, kò sí ìfilọ́lẹ̀. Kí alága kí wọn káàbọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí kálukú dìde sọ orúkọ rẹ̀, sẹ́tì rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun kan tó ń wá: iṣẹ́ ni o, ilé ni o, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí jáde kíákíá ni o. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ ti ń wúlò fún ọmọ ẹgbẹ́ jù lọ nìyẹn, mo sì ti rí i pé àwọn àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ lásán dáhùn tó bá ti jẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ha igi láàárọ̀. Wọ́n á ní, «Wá rí mi ní Mọ́ńdè.»

Ẹ gbé ọpọ́n ayò sí abẹ́ igi fún àwọn tí kò fẹ́ ariwo. Kí àwọn tó lágbára gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó ti láya àti àwọn àpọ́n, ogún ìṣẹ́jú fún apá kọ̀ọ̀kan, kí dókítà inú ẹgbẹ́ sì jẹ́ rẹfirí.

Lẹ́yìn rẹ̀

Kó tó di ọjọ́ kẹta, kí akápò gbé ìṣirò owó jáde pẹ̀lú fọ́tò ríṣíìtì: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú agolo náà wà lára rẹ̀; ẹ kọ ilé ẹni tó wà. Kí akọ̀wé fi orúkọ àwọn tó ń wá iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ní kí wọ́n wá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójú gbogbo èèyàn.

Nígbà tí táàmù tó kàn bá wọlé, kí ẹni méjì mú òòlù àti ìṣó díẹ̀ padà lọ sí ilé ìwé náà. Kí wọ́n ka bẹ́ǹṣì tó ṣì dúró, kí wọ́n tún ìṣó tó ti yọ kàn, kí wọ́n sì bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè ohun tó kàn.