Àṣìṣe tó ń jẹ́ kí ìpẹtà jẹ abẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ l'Ékòó

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dúdú tó ń dán lábẹ́ ọkọ̀ tàn yín jẹ. Ó tan èmi jẹ. Nígbà tí mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó pákó láti Òkò-Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ẹni tó ń tà á ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dúdú minijọ́. Mo sanwó. Kò pé ọdún méjì, ní Ọ̀jọ́ta, tèmi ti pákó lẹ́yìn, mo gbọ́ "gbàà!", ẹ̀yìn ọkọ̀ sì wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí sípíríǹgì ti kọ́ mọ́ ṣáàsì, egungun irin tó ru ọkọ̀, ló ya. Wẹ́dà tí mo pè fi èékánná ha ọ̀dà yẹn, ó ṣí bí èèpo ẹyin, irin abẹ́ rẹ̀ sì ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sọ́wọ́ rẹ̀.

Michigan ní Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ti wá. Nígbà òtútù níbẹ̀, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, torí omi tó níyọ̀ kì í tètè dì. Táyà á wá máa fọ́n omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, lọ́dọọdún.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí kò sí yìnyín l'Ékòó." Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Iyọ̀ tó ti wọnú ihò ṣáàsì, tó há sínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá ni. Calcium chloride, tó wà lára iyọ̀ tí wọ́n ń dà, máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra fúnra rẹ̀, ọ̀rinrin kò sì wọ́n wa. Omi iyọ̀ ń gbé iná mànàmáná ju omi lásán lọ, ohun tó sì ń mú kí irin tètè dípẹtà nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé Lẹ́kí tàbí Victoria Island tún ń gba atẹ́gùn òkun lé e.

Nítorí náà, ẹ má ra ọkọ̀ láìbéèrè ìlú tó ti wá. Ẹ fi nọ́ńbà VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, wá ìtàn rẹ̀. Texas tàbí Arizona, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ da iyọ̀ sójú títì, kò rí bí Ohio, New York tàbí Ontario ní Kánádà. Orúkọ ńlá kò sì gba ọkọ̀ là: ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣáàsì tó ń dípẹtà, ti Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 sí 2008 àti Sequoia 2005 sí 2008, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọkọ̀. Ẹ mú òòlù kékeré dání. Irin tó le á dún "kọ̀ọ́n". Èyí tó ti jẹra á dún bí ìgbà tí èèyàn gbá páálí. Apá ẹ̀yìn, níbi tí ṣáàsì ti tẹ̀ gun orí ásù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni kí ẹ gbá jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú àwọn ihò ṣáàsì pẹ̀lú, torí inú ló ti ń jẹ wá síta.

Kíkun ọ̀dà tàbí ọ̀dà kólítà lé ìpẹtà lórí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Egbò tí a kò fọ̀ tí a wé aṣọ mọ́ ni. Omi àti iyọ̀ há sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn lọ ní kọ̀rọ̀; bí ọ̀dà bá sì dí àwọn ihò kéékèèké tí omi fi ń jáde, ṣáàsì di agbada omi. Ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ fọ iyọ̀ kúrò, kí ó gbẹ dáadáa, ọjọ́ kan kò pọ̀ jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi kẹ́míkà tó ń pa ìpẹtà kùn ún, lẹ́yìn náà páráímà, kí ọ̀dà tó dé. Inú ṣáàsì kò gba ọ̀dà. Gíríìsì tó ṣe é fín tàbí òróró tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe ni kí ẹ fín sí i.

Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù tí àwọn mẹkáníìkì ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ó ń mú kí rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ wú, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ sínú gọ́tà.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, òkè nìkan la máa ń sanwó fún: a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá. Ẹ ní kí wọ́n fọ abẹ́. Ṣùgbọ́n ní Erékùṣù, ẹ tọ́ omi wọn wò sẹ́nu ná, torí kànga kan wà tí omi rẹ̀ níyọ̀.

Bí ẹ bá ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ fọwọ́ tọ páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti wú tàbí tó ń ṣí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù kankan.