Bí Ìyá Mi Ṣe Mú Wa Wọ Ẹgàn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ohun tí ó fa ìrìn àjò yìí ni iṣẹ́ àṣetiléwá kan tí àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 11, mú bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí ó kọ orúkọ igi 10 tí ń bẹ nínú igbó kìjikìji wa. Ó kọ máńgòrò, ọsàn, kòkó àti ọ̀pẹ, bírò rẹ̀ sì dúró. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pẹ nìkan ni ó jẹ́ ti igbó wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti gbé àwọn mẹ́ta yòókù wá. Ìyá mi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 72, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀ wa ní Iléṣà. Ewé ni wọ́n tà ní ọjà Àtákúmọ̀sà tí wọ́n fi tọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi, inú igbó ni wọ́n sì ti ń já a fúnra wọn. Ó dùn mí gan-an pé ẹni tí ó mọ igbó tó bẹ́ẹ̀ ń bá wa gbé, tí ọmọ mi kò sì rí nǹkan kan gbà nínú ìmọ̀ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ìyàwó mi pé ní ọlidé Àjíǹde tí ń bọ̀, igbó ni gbogbo wa ń lọ.

Oṣù kẹrin wù mí nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ á ti máa rọ̀ nígbà náà, ilẹ̀ á ti tutù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ní tíì máa yọ̀ bí ó ṣe máa ń yọ̀ ní oṣù keje. Màmá ní ìdí tiwọn: wọ́n ní bí a bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò ní bá èso ewé eéran nílẹ̀ mọ́. Ìbátan wa kan ní oko kòkó ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹgàn sì wà lẹ́yìn oko náà. Mo pè é lórí fóònù, ó sì gbà láti mú wa wọlé. Gbogbo wa wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, a sì ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ti àwọn ọmọ méjì àkọ́kọ́. Àbíkẹ́yìn ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì gbà á gbọ́. Àṣìṣe mi ọjọ́ náà nìyẹn.

A kúrò nílé ní aago 7 àárọ̀, a gba ọ̀nà Akúrẹ́ kọjá Ìwàràjà, kò sì pẹ́ tí a fi dé. Bí a ṣe wọ oko ni ọmọ mi kejì ti ń pariwo pé a ti dé inú igbó. Màmá dá a dúró, wọ́n ní kí ó wo òkè. Igi kòkó kò ga ju òrùlé ilé lọ, gbogbo wọn rí bákan náà, àwọn igi ńláńlá díẹ̀ tí ó sì yọrí láàárín wọn jẹ́ èyí tí àwọn àgbẹ̀ dá sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko, kí wọ́n lè máa ṣíji bo kòkó. “Oko nìyí,” ni Màmá wí. “Bí ẹ bá dé igbó, ara yín ni yóò sọ fún yín.” Òótọ́ ni. Bí a ti kọjá ààlà oko tí a wọ ẹgàn, afẹ́fẹ́ tutù, òórùn ewé tí ó ti jẹrà gba imú wa, ojú ọ̀run sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Mo ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń rìn nìṣó nínú igbó, ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Nígbà tí ojú wa mọ́ òkùnkùn náà lára ni a tó rí i pé igbó ní àjà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ewéko àti ọmọ igi nísàlẹ̀, àwọn igi tí kò ga púpọ̀ láàárín, àwọn tí orí wọn so pọ̀ bí òrùlé lókè wọn, àti ìrókò àti àràbà tí ó la òrùlé náà kọjá lọ pàdé oòrùn. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Mo fa ewé kan sún mọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n wo bí orí rẹ̀ ṣe ṣe ṣóńṣó, tí omi ń gba ibẹ̀ kán tó, tó, tó. Ọ̀pọ̀ ewé igbó olójò ni ó rí bẹ́ẹ̀, kí omi má baà pẹ́ lójú wọn.

A pẹ́ ní ìdí àràbà kan. Gbòǹgbò rẹ̀ dìde láti ilẹ̀ bí ògiri, ó ga jù mí lọ, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ àárín ògiri méjì, a kò rí wọn mọ́. Àkọ́bí mi béèrè ìdí tí gbòǹgbò náà kò fi wọlẹ̀ lọ. Mo fi igi kékeré wa ilẹ̀ fún un: ewé gbígbẹ, lẹ́yìn náà ewé tí ó ti jẹrà di dúdú, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa. Nínú irú igbó yìí, ọ̀rá ilẹ̀ kì í jìn. Ohun tí ó bá jábọ́ máa ń jẹrà kíákíá, gbòǹgbò á sì ti gbà á kí òjò tó wọ́ ọ lọ. Nítorí náà ni igi ńlá fi ń tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sí ojú ilẹ̀, tí ó sì ń fi irú ògiri bẹ́ẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró. Màmá mú òkúta, wọ́n fi lu ara ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dún bí ìlù. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe máa ń pe ara àwọn nígbà èwe bí ẹnìkan bá ṣìnà níbi tí wọ́n ti ń já ewé. N kò gbọ́ ọ rí títí di ọjọ́ yẹn, èmi ọmọ tí wọ́n bí.

Ibi tí ewé eéran pọ̀ sí ni ọkàn mi fà sí jù. Ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ tí ó yọ láti inú ilẹ̀, ó ga dé ìbàdí, ó sì fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Gbogbo wa ni a ti jẹ mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti ń wá nínú àwọn ọmọ. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wọ́ ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èso náà sì yọjú: pupa, onígun mẹ́ta, ó fara ti ilẹ̀ bí ohun tí ẹnìkan fi pamọ́. Wọ́n fi èékánná là á. Hóró dúdú wà nínú rẹ̀, nǹkan rírọ̀ kan sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi ahọ́n lá. Kò dùn lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni adùn náà ń dé, bí ó bá sì ti dé, kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọmọ mi kejì mu omi lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní a ti bu ṣúgà sí i. Ní ọdún 1855 ni oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa èso yìí, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì fi sọ ewé náà: Thaumatococcus daniellii. Èròjà tí ń bẹ nínú rẹ̀, thaumatin, dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun sì ń lò ó nínú oúnjẹ. Mo sọ èyí fún Màmá. Wọ́n ní àwọn máa ń fi èso náà sílẹ̀ sínú igbó ni, ewé ni àwọn oníbàárà ń béèrè.

Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń já a. A kì í fà á tu. A ó gé igi rẹ̀, a ó sì fi àwọn tí kò tíì là sílẹ̀ kí ìdí náà má baà kú. Ìbátan wa yọ̀ǹda 40 ewé fún wa, Màmá sì dì wọ́n jọ bí wọ́n ṣe máa ń di ẹrù ọjà.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni a bá ìjàlọ lọ́nà. Wọ́n tò lọ bí okùn tí ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, wọ́n ń sáré kọjá ọ̀nà, àwọn tí orí wọn tóbi sì ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn kòkòrò yìí kò ríran, pé òórùn ni wọ́n fi ń tọ ara wọn lẹ́yìn, nígbà tí àbíkẹ́yìn figbe ta. Ó ti dúró lé ẹ̀ka wọn kan láìmọ̀, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ sì ti yọ kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo gbé e sá jìnnà kí n tó bọ́ ṣòkòtò náà, nítorí pé bí ènìyàn bá dúró sójú kan tí ó ń gbọn wọ́n dànù, òmíràn á tún máa gùn ún. A yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ara wọn bá já, orí á ṣì máa di awọ mú, nítorí náà orí gan-an ni kí ẹ fi èékánná mú. Mẹ́sàn-án ni a kà. Ìyàwó mi fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n títí a fi dé oko. Ẹni tí yóò bá mú ọmọ wọ igbó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ gbogbo wọn wò.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni a lọ sí Olúmirìn, omi tí ń já láti orí òkè ní ipele méje. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i nígbà tí wọ́n ń ṣí bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Màmá, ìyàwó mi àti àbíkẹ́yìn dúró sí ipele àkọ́kọ́. Èmi àti àwọn méjì yòókù gun dé ìkejì, ibẹ̀ sì ti tó fún wa, nítorí pé àpáta ń yọ̀. Ohun tí ó mú inú mi dùn ni pé àwọn ọmọ kò sáré lọ bá omi náà. Àkọ́bí mi dúró nídìí igi kan lọ́nà, ó ní, “Dádì, ṣé arère nìyí?” N kò lè dáhùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́, bí Màmá ṣe ń nu ewé tí wọ́n fẹ́ fi pọn mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní kí ó ka ìwé náà sókè. Orúkọ 14 ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó dé orí arère, wọ́n béèrè bí ewé rẹ̀ ṣe rí. Ó ya ọwọ́ rẹ̀, ó ní ewé gígùn bíi méje yí ojú kan ká bí agboòrùn.

“Ahùn nìyẹn,” ni Màmá wí. “Ti arère, ewé kan ṣoṣo ni ó pín sí ìka bí ọwọ́ rẹ yẹn.”

Ó fa ìlà gba orí arère, ó sì kọ ahùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.