Bí Ẹ Ṣe Lè Bọ́ Ọmọ Tó Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ Láìsí Ìjà Nídìí Abọ́

Ọmọ tó ń lá abọ́ mọ́ nígbà tó wà lóṣù mẹ́jọ lè ṣàdédé máa pa ẹnu dé bó bá ti tó ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Láàárín ọdún àkọ́kọ́, ìwọ̀n ọmọ máa ń di ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wọ̀n nígbà tí wọ́n bí i, àmọ́ ní ọdún kejì, bíi kílò 2 sí 2.5 péré ló ń lé sí i. Ara tí kò sáré dàgbà mọ́ kì í béèrè oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀. Láfikún, àkókò yìí gan-an lọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí fura sí oúnjẹ tí ojú rẹ̀ kò mọ̀. Kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe pé ẹ ò mọ oúnjẹ sè.

Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́. Tiyín ni láti yan ohun tó máa wà nínú abọ́, àkókò tí ẹ ó gbé e kalẹ̀ àti ibi tí ẹ ó ti jẹ ẹ́. Ti ọmọ ni láti pinnu bóyá òun á jẹ, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òbí bá gba iṣẹ́ ọmọ ṣe, tó ń ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tàbí nígbà tó bá gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, tó ń bi í ṣáá pé "Kí lo fẹ́ jẹ?"

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni nǹkan tó ń wọ inú ọmọ láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn. Ká sòótọ́, kì í ṣe ọmọ kan tàbí méjì tí wọ́n ní kì í jẹun ló jẹ́ pé mílíìkì àti bísíkíìtì ti yó o kó tó jókòó. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ má jẹ́ kí mílíìkì màlúù ju nǹkan bíi 500 mìlílítà lọ lóòjọ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, á gba àyè oúnjẹ, ó sì lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, torí pé èròjà iron inú rẹ̀ kéré gan-an. Bó bá máa mu jùùsì, kò gbọ́dọ̀ ju 120 mìlílítà lọ. Omi lásán ló tó láàárín oúnjẹ.

Ẹ wá ṣètò oúnjẹ mẹ́ta àti ìpápánu méjì tàbí mẹ́ta, kí wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta máa wà láàárín wọn. Bó bá kọ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ palẹ̀ abọ́ mọ́ láìbá a wí, kí ẹ sì dúró di àkókò ìpápánu. Bísíkíìtì tí ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló máa kọ́ ọ pé ó sàn kóun kọ oúnjẹ.

Ẹ bu oúnjẹ díẹ̀. Ìwọ̀n tó rọrùn láti rántí ni ṣíbí ìjẹun kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, fún oríṣi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan: ọmọ ọdún méjì, ṣíbí ìrẹsì méjì, ṣíbí ẹ̀wà méjì. Bó bá fẹ́ sí i, ẹ bù ú sí i. Abọ́ tó kún dẹ́mú máa ń dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ má sì fi oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Ohun tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ tuntun hàn án

Ẹ fi oúnjẹ kan tàbí méjì tó ti mọ̀ dáadáa sínú abọ́, kí ẹ wá fi ẹyọ ohun tuntun kan sí i, kó má ju èékánná yín lọ. Ká ní kárọ́ọ̀tì tí ẹ sè títí tó fi rọ̀ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè jù ú sílẹ̀. Bó bá yá, á jẹ́ kó wà nínú abọ́. Á tẹ̀ ẹ́ títí á fi fọ́ lábẹ́ ìka, á gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, á fi ahọ́n kàn án, á gé e jẹ, á sì tu ú. Gbogbo ìyẹn ni ìtẹ̀síwájú. Ẹ gbé abọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè tu ú sí, torí ọmọ tó mọ̀ pé òun lè tu nǹkan jáde kì í bẹ̀rù láti fi í sẹ́nu.

Ó lè tó ìgbà 10 sí 15 kó tó gbé e mì. Ẹni tó bá jáwọ́ nígbà kẹta ti yára jù. Ẹ máa gbé e wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ẹ sì máa yí ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é padà: lónìí kó rí roboto, lọ́jọ́ mìíràn kó rí gbọọrọ, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrẹsì. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Ẹnu yín ló ń wò ju ohun tí ẹ ń sọ lọ.

"Jẹ ẹ̀fọ́ yìí kí n fún ẹ ní súìtì" ń kọ́ ọmọ pé ìyà ni ẹ̀fọ́, súìtì sì lèrè. Tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù lè mú kó la ẹnu, àmọ́ kò ní mọ ìgbà tó yó. Fífipá rọ ọmọ léwu: oúnjẹ lè há a lọ́fun, á sì kórìíra àga ìjẹun. Ẹ lè lọ ẹ̀fọ́ mọ́ ọbẹ̀ kó lè rí èròjà rẹ̀ gbà, àmọ́ ìyẹn kò ní kọ́ ọ láti mọ ẹ̀fọ́, nítorí náà ẹ ṣì máa fi ojúlówó rẹ̀ hàn án. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó fún oúnjẹ kan.

Kó jókòó kó tó jẹun, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ nǹkan. Ẹ gé èso gréèpù sí mẹ́rin ní òòró. Ẹ má fún un ní odidi ẹ̀pà, gúgúrú tàbí kárọ́ọ̀tì tútù tó le. Ọmọ tó ń wúkọ́, tó ń pariwo, ń gbìyànjú láti lé oúnjẹ jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí kò lè wúkọ́, tí kò lè sunkún, ni nǹkan há lọ́fun, ẹ sì gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bó bá ń rù, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò lọ sókè fún oṣù bíi mélòó kan, tó ń bì léraléra, tí oúnjẹ ń há a tàbí tó ń wúkọ́ nígbà tó bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ funfun, tàbí tí oríṣi oúnjẹ tó ń jẹ kò tó 20 tó sì túbọ̀ ń dín kù. Àìrígbẹ́yà àti egbò ẹnu náà lè pa ìyánnú ọmọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó mu fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò àti ìwọ̀n mílíìkì, kí ẹ sì mú ìwé náà dání.