Bí mo ṣe tọpa owó nínú Sister Carrie

Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí Theodore Dreiser, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbà bá àwùjọ ilẹ̀ rẹ̀ wí nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Sister Carrie. Ẹ̀dà ìwé ni mo kọ́kọ́ yàn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ́. Méjì ló gbajúmọ̀: ti Doubleday, Page ní 1900, àti ti Yunifásítì Pennsylvania ní 1981, tó dá nǹkan bí ọ̀rọ̀ 36,000 tí wọ́n ti gé kúrò padà. Ti 1900 parí sí ibi tí Carrie, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń mì síwá sẹ́yìn. Èkejì parí sí ibi tí Hurstwood, máníjà ilé ọtí tó di olólùfẹ́ Carrie, ti fi gáàsì pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀kan, tó wá gbé àlàyé ọ̀mọ̀wé tó lo èkejì, yóò máa jà lórí ìparí tí kò sí nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo lo ti 1900, torí òun ni àwọn ará ìgbà náà rí kà.

Mo fa òpó mẹ́rin sínú ìwé àkọsílẹ̀: orí, iye owó, ẹni tó san án, ohun tó gbà dípò. Mo wá tún ìwé náà kà látòkèdélẹ̀, mo ń kọ gbogbo owó tó bá jẹyọ.

Carrie wọ Chicago ní August 1889 pẹ̀lú $4. Ilé iṣẹ́ bàtà ń san $4.50 fún un lọ́sẹ̀, ó sì ń kó $4 nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún oúnjẹ àti ibùsùn. 50 sẹ́ǹtì ló kù. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Aṣọ òtútù ńkọ́? Òtútù mú un, ó ṣàìsàn, iṣẹ́ bọ́. $20 tí Drouet, oníṣòwò arìnrìn-àjò tó pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin, fún un ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ta ló tún ń wá ìwàásù lẹ́yìn ìyẹn? Hurstwood ní tirẹ̀ jí $10,800 ní ilé ọtí tó ń bójú tó, ó dá $9,500 padà, ó sì parí sí yàrá 15 sẹ́ǹtì. Carrie gun orí ìtàgé ní $12 lọ́sẹ̀, ó dé $150.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa ṣàyọlò ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí tí asọ̀tàn ń já lu ìtàn, kó sì pè é ní àríwísí Dreiser. Yẹ́ẹ̀pẹ́ lèyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, lójú tèmi. Bíárò pupa ni mo fi sàmì sí ọ̀rọ̀ asọ̀tàn, búlúù sí ìṣẹ̀lẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti ta kora, búlúù ni mo gbà.

Níbi ìyanṣẹ́lódì àwọn awakọ̀ ojú irin ìgboro Brooklyn, ọ̀nà yìí sanwó ara rẹ̀. Ebi ló gbé Hurstwood débẹ̀ láti gba iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ kórìíra rẹ̀ nínú ọkàn, àwọn tó yanṣẹ́ lódì ni àánú wọn ń ṣe é, síbẹ̀ ó ń ṣọ́ ọ. Mo gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyanṣẹ́lódì Brooklyn ti January 1895, àmọ́ mi ò fi ọdún náà há ìtàn lọ́rùn, torí Dreiser ò dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fi wéra ni ẹ̀dùn ọkàn òṣìṣẹ́: àwọn tí wọ́n ń gbà fún wákàtí tí èrò pọ̀ nìkan, tí wọ́n fi ń gé owó àwọn yòókù.

Ní 1980, Walter Benn Michaels, onílámèyítọ́ lítíréṣọ̀, jiyàn pé ìwé yìí kì í ṣe ọ̀tá ọjà, pé ìfẹ́ ohun tuntun tí ọjà ń bí gan-an ló ń gbé e rìn. Mo padà sí òpó kẹrin láti dán an wò. Lápá ti Carrie, ó tọ̀nà: aṣọ, bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì ló kún ibẹ̀. Lápá ti Hurstwood, láti ìgbà tó ti dé New York, oúnjẹ àti ibi orísùn ló ń gba ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tèmi.