Bí mo ṣe gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìwà tó tọ́

Ní yunifásítì tí mo lọ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ ìwà tó tọ́ kò ní dìpátímẹ́ǹtì tirẹ̀. Ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni ìpìlẹ̀. Ìyókù, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ṣà á jọ láti inú òfin, ìtàn, ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀ ìlera, kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà tó buwọ́ lù ú. Ewu ibẹ̀ ni kéèyàn mọ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, kó má mọ ìkankan dójú àmì. Nítorí náà, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo mú, mo sì gbé e wọ gbogbo kíláàsì: ọ̀ràn Tuskegee, ìwádìí kan tí wọ́n fi àwọn aláìsàn ṣe láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ní 1932, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ kó nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jọ ní Macon County, ní Alabama, níbi tí ìlú Tuskegee wà, láti wo bí sífílíìsì, àrùn tí ìbálòpọ̀ ń fà, ṣe ń ṣe ara tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Àwọn 399 nínú wọn ní àrùn náà, àwọn dókítà ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Pẹnisílíìnì ti di oògùn rẹ̀ nígbà tó fi máa di 1947, síbẹ̀ wọn ò fún wọn, títí ìwé ìròyìn fi tú àṣírí náà ní 1972.

Ní kíláàsì òfin, mo tọpa òfin 1974 tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí, àti ìwé Belmont ti 1979 tó la ìlànà ìwà tó tọ́ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; ọ̀ràn náà ló bí méjèèjì. Ti ọrọ̀ ajé ló le jù fún mi: wọ́n ń fún àwọn àgbẹ̀ aláìní yìí ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ àti owó ìsìnkú. Ṣé ẹni tí kò ní owó pósí lè sọ pé òun ò ṣe?

Èèyàn tí mi ò lè gbójú fò ni nọ́ọ̀sì Eunice Rivers, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn, tó mọ ilé wọn, tó sì ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo bi ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, léèrè.

“Mọ́mì, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?”

“Dókítà ló ń pàṣẹ fún un, mo mọ̀,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n òun làwọn ọkùnrin yẹn fọkàn tán. Kò sí bó ṣe yẹ kó dákẹ́.”

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé: gbèsè wo ni ìfọkàntán ń fi sí ọrùn ẹni tí wọ́n fọkàn tán? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ yan ọ̀ràn tiyín kẹ́ ẹ tó yan kóòsì. Kóòsì tí kò bá ti ní nǹkan sọ nípa rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.