Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Gbé Kámẹ́rà Lọ Sí Tẹ́ńpìlì Àtijọ́ Nílẹ̀ Òkèèrè

Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè mí lóru pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Cairo o, kí ni kí n yà níbẹ̀?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti sùn. Ohun tó yẹ kó béèrè kó tó sanwó ló wá ń béèrè lẹ́yìn tó sanwó tán. Gbogbo àwa tí à ń fi fọ́tò jẹun ní Abuja la ti rí irú wọn. Owó ńlá á lọ, ẹni náà á lọ, á bọ̀, fọ́tò tó mú bọ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí èyí tí èrò inú bọ́ọ̀sì fi fóònù yà. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) níbí. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kó lọ fi Zuma Rock kọ́ṣẹ́ ná. Owó epo dé Suleja kò pọ̀.

1. Lẹ́ǹsì tuntun ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ẹ má rà á. Ohun tí ọwọ́ yín ò tíì mọ́ nílé kò ní mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì.

2. Bátìrì nínú àpótí tí ẹ fẹ́ kó fún ọkọ̀ òfurufú. Inú báàgì ọwọ́ ni bátìrì lithium àti power bank ń gbé. Èyí tí kò ju 100 watt-hour (ìwọ̀n agbára inú bátìrì) lọ kò ní wàhálà (power bank 20,000 mAh kò ju bíi 74 lọ). Láti 100 sí 160, ẹ béèrè àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, kó sùn sílé. Ẹ yé bá àwọn tó ń yẹ ẹrù wò jà.

3. Drone. Íjíbítì ò fẹ́ rí i láìsí àṣẹ àwọn ológun, Etiópíà náà ò fẹ́ rí i láìsí ìwé àṣẹ tí ẹ ti gbà ṣáájú. Mo wà lẹ́yìn ọmọ ilẹ̀ wa kan lórí ìlà ní pápákọ̀ òfurufú Addis Ababa nígbà tí ẹ̀rọ fi tirẹ̀ hàn nínú báàgì. Arákùnrin náà ń ṣàlàyé pé fọ́tò ìgbéyàwó lòun ń fi yà. Òṣìṣẹ́ náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó kọ nọ́ńbà sórí páálí pélébé kan, ó so ìdajì mọ́ àpò drone, ó fún un ní ìdajì yòókù, ó ní kó wá gbà á tó bá ń padà lọ. Ẹni tó bá wá gba ìlú mìíràn padà sílé ńkọ́? Nílé níbí pàápàá, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn fún ààrẹ lórí ètò ààbò ló ń fúnni níwèé àṣẹ drone, a sì mọ iye ẹni tó ní in láàárín wa.

4. Ibi tí ilé kọjú sí. Èyí gan-an ló bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ̀wé. Èèyàn á ra lẹ́ǹsì tí owó rẹ̀ tó owó ilé ọdún kan ní Kubwa, ṣùgbọ́n kò ní béèrè bóyá ìlà-oòrùn ni tẹ́ńpìlì kọjú sí tàbí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ni iná wa. Wọn kì í gba flash láyè nínú ibojì àwọn ọba, ẹni tó bá sì gbé tripod, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé, wá lè rí i pé wọ́n ń béèrè owó tàbí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òun. Tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ilé, iwájú ilé á ṣókùnkùn, kò sì sí lẹ́ǹsì tó fẹ́ gbà yín.

Ẹ wo Angkor Wat ní Kàmbódíà. Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìlá. Ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì àwọn Khmer, àwọn ará Kàmbódíà àtijọ́, ló kọjú sí ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ni tiẹ̀ kọjú sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ jókòó sétí adágún kékeré tó wà lápá òsì. Oòrùn á yọ lẹ́yìn ilé, òjìji àwọn ilé gogoro á sì hàn nínú omi. Ó dáa, mi ò bá a jà. Àmọ́ òjìji nìkan lẹ rí yẹn. Ọ̀sán ni oòrùn ń wo iwájú ilé náà lójú, tí òkúta á máa yí sí àwọ̀ wúrà díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo ohun tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri á dìde. Níbo ni àwọn èèyàn wa wà nígbà yẹn? Ní otẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń sùn, torí wọ́n jí ní aago mẹ́rin. Àwọn mìíràn ò sì lè padà wá lọ́jọ́ kejì, torí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, dọ́là 37, ni wọ́n rà. Ti ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 62, ti ọjọ́ méje jẹ́ 72, kò sì pọn dandan kí àwọn ọjọ́ náà tẹ̀ léra. Ẹ fò láti Abuja dé Siem Reap, ìlú tó wà nítòsí Angkor Wat, ẹ wá ń ṣọ́ dọ́là 25!

Ní Luxor, lódìkejì odò Náílì, ni tẹ́ńpìlì Hatshepsut wà, obìnrin tó jọba Íjíbítì. Ó fẹ̀yìn ti àpáta gíga, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Àárọ̀ ni tiẹ̀. Tí ọ̀sán bá ti ń rọlẹ̀, oòrùn á bọ́ sẹ́yìn àpáta, òjìji á sì bo gbogbo ibẹ̀. Aṣètò ìrìn-àjò kan kó àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, torí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ère òkúta ló kọ́kọ́ kó wọn lọ láàárọ̀, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe lásán. Ọ̀kan nínú wọn gbé fọ́tò náà wá bá mi ní Wuse, ó ní kí n bá òun fi kọ̀ǹpútà tan oòrùn sí i. Mo fà á sókè, mo fà á sísàlẹ̀, eérú ló ń jáde.

Abu Simbel, tẹ́ńpìlì mìíràn ní Íjíbítì, ńkọ́? Ìlà-oòrùn lòun náà kọjú sí. Nǹkan bíi 280 kìlómítà ni láti Aswan, nítorí náà òru ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ń gbéra, gbogbo wọn á sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí bíi méjì, wọ́n á pè yín padà sínú ọkọ̀. Ẹ sùn sí abúlé tó wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ mọ́ bá yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 22 February tàbí 22 October tàn yín. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ méjèèjì yìí, oòrùn àárọ̀ máa ń wọlé dé yàrá inú lọ́hùn-ún, á tàn sára mẹ́ta nínú ère mẹ́rin tó jókòó síbẹ̀, á fi ère òrìṣà Ptah sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ohun àrà ni. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn lẹ máa yà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó mú ọjọ́ mìíràn. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n gé tẹ́ńpìlì yìí wẹ́wẹ́ láàárín 1964 sí 1968, tí wọ́n gbé e sókè kí omi ìdídò Aswan má baà bò ó, àwọn ẹnjiníà rí i dájú pé ó ṣì kọjú sí oòrùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin ro ti oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá yà á, ẹ ò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rò ó?

Bẹ́ẹ̀, áàpù tó ń fi ipa ọ̀nà oòrùn hàn lórí máàpù wà lórí fóònù. Ẹ tẹ orúkọ ibẹ̀ sí i, ẹ tẹ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, yóò fi ibi tí oòrùn máa gbà hàn yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lalibela, ní Etiópíà, ní ìṣòro tiẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì 11 ni wọ́n gbẹ́ láti ara àpáta síbẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Bete Giyorgis nìkan lẹ máa ń rí nínú fọ́tò, torí náà ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. Wọ́n ti fi òrùlé ńláńlá onírin bo mélòó kan nínú àwọn yòókù kí òjò má baà jẹ wọ́n. Ẹni tó bá débẹ̀ tó ń bínú sí òrùlé kò béèrè nílé ni. Inú kòtò jíjìn sì ni Bete Giyorgis wà, oòrùn ìdájí kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bà. Ìlú náà ga tó bíi 2,500 mítà. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń mí lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀ á rò pé àpò ìrẹsì ni mo rù. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kòkòrò inú kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í ṣe ojúsàájú. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ gbọ́ ìròyìn: láti 2023 ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn Amhara tí Lalibela wà.

Ẹ tún mọ̀ pé àwọn ará Etiópíà máa ń ka aago láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Aago méje tiwa ni aago kan tiwọn. Awakọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé aago méjìlá lòun ń bọ̀. Aago mẹ́fà ìdájí lawakọ̀ dé, ó dúró, ó fọn fèrè títí, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, kámẹ́rà lọ́rùn.

Ibi tó pọ̀ jù. Cairo, Luxor, Aswan, Alexandria, kí wọ́n tún yà ní Addis Ababa lọ́nà ilé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Pápákọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ lọ yà. Ẹ mú ibi méjì, ẹ sùn níbẹ̀ títí oòrùn àárọ̀ kan á fi bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tí ẹ ó sì rí òmíràn.

Ìgbà. Ooru Luxor máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ láàárín June sí August. Láti March sí May, afẹ́fẹ́ khamsin lè gbé yanrìn bo ojú ọ̀run. Ẹ má ṣí ojú kámẹ́rà pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ya fọ́tò nínú ọ̀yẹ́ Kano mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀yẹ́ kan náà ló máa ń dá ọkọ̀ òfurufú dúró ní December àti January, torí náà ẹ má fi wákàtí kan péré sáàárín ọkọ̀ méjì. Òjò Kàmbódíà, láti May dé October, ni èmi fẹ́ràn ní tèmi: òkúta á tutù yọ̀yọ̀, ewéko á gbèrú sí i, èrò á dín kù. Ẹ mú ọ̀rá dání.

Dọ́là. Tí ẹ bá lọ ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lá ní Zone 4, ẹ kà á, ẹ sì wò ó lẹ́yọ lẹ́yọ. Èyí tó ya létí díẹ̀, wọn kò ní gbà á ní Siem Reap. Káàdì náírà nìkan kò ṣeé gbójú lé.

Ẹ mú yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yellow fever) gidi dání, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n tà fún yín láìgún yín.

Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ọkùnrin àti obìnrin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní gun òkè pátápátá ní Angkor Wat. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya àlùfáà. Ṣé ẹ máa gbà kí àjèjì ti lẹ́ǹsì bọ ìyá yín lójú níbi tó ti ń gbàdúrà?

Ẹ da fọ́tò sí ojú méjì lálaalẹ́, kí ọ̀kan wà nínú báàgì mìíràn. Ẹ sì mú rìsíìtì kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì dání lọ, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà sọ pé òkèèrè lẹ ti rà wọ́n bọ̀. Ẹ yà á sínú fóònù pẹ̀lú, torí yíǹkì rìsíìtì a máa parẹ́.