Alẹ́ Ni Kí Ẹ Wò: Àṣìṣe tí Òbí Máa Ń Ṣe Bí Wọ́n Bá Ń Yan Ilé Ìwé Bọ́dìn

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ tó wà ní bọ́dìn kì í lò ju nǹkan bí 40 lọ nínú rẹ̀ ní kíláàsì. Nǹkan bí 128 tó kù, orí bẹ́ẹ̀dì, balùwẹ̀, ilé oúnjẹ, pápá àti ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti ń lò ó. Síbẹ̀, bí òbí bá ń wá ilé ìwé, 40 yẹn ni wọ́n máa ń gbájú mọ́: èsì ìdánwò, yàrá kọ̀ǹpútà, iye olùkọ́ tó ní dígírì. Ilé ìwé ojúmọmọ ni wọ́n yàn, wọ́n wá gbé ọmọ lọ sùn síbẹ̀.

Gbígbé ara lé èsì ìdánwò ara pátákó

Pátákó ẹnu ọ̀nà á ní gbogbo ọmọ ló yege. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí pátákó kì í sọ ni iye ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè nǹkan méjì pa pọ̀: ọmọ mélòó ló wọlé lọ́dún tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí bẹ̀rẹ̀, mélòó nínú wọn ló sì jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde? Ká ní 80 ló wọlé, tí 52 jókòó, ẹ bi wọ́n pé àwọn 28 yòókù dà. Òbí àwọn kan á ti kó lọ sí ìlú mìíràn, kò sí ìyàlẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwé kan wà tó máa ń rọra ti ọmọ tí ìwé ò tètè yé jáde lọ́dún tó ṣáájú ìdánwò, kí pátákó má baà tàbùkù. Bí ọmọ yín bá jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì. Èsì ọdún kan kò tó, èsì ọdún mẹ́ta lórí gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ni kí ẹ béèrè.

Lílọ wò ó lọ́jọ́ àlejò nìkan

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe òbí, wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti kun ògiri, ọmọ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù ni wọ́n á sì fi ṣe afinimọ̀nà. Ẹ lọ bó bá wù yín, àmọ́ ẹ tún padà lọ lọ́jọ́ tí kò ní àríyá kankan, láàárín aago mẹ́rin sí aago méje ìrọ̀lẹ́. Nígbà yẹn, kíláàsì ti tú, àwọn olùkọ́ tó ń relé ti lọ, ẹ ó wá rí iye àgbà tó ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ tí ẹ dá kò rọrùn, ẹ ní kí wọ́n mú ọjọ́ mìíràn, kí aago má ṣáà yí padà. Ilé ìwé tó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti dá yín lóhùn.

Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì. Họ́sítẹ́ẹ̀lì tó jìnnà jù sí ẹnu géètì ni kí ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ. Ẹ ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan kí ẹ wo fóòmù. Àmì ìtọ̀ tó ti gbẹ kò burú tó bẹ́ẹ̀, ọmọdé ni wọ́n. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní lójú rírán ẹ̀gbẹ́ fóòmù, ìdun ni kí ẹ fura sí. Ẹ wọ balùwẹ̀, kí ẹ ṣí omi, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí omi tó kàn sun sínú páìpù máa ń dá kí ìṣẹ́jú náà tó pé. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ṣé ìkọ́ tí ọmọ lè fi tì í láti inú wà níbẹ̀, àbí ihò tí ìṣó ti yọ ló kù? Ọmọ tí kò bá rí ilẹ̀kùn tì máa ń mú ìgbẹ́ mọ́ra dọ̀la, ibẹ̀ ni inú kíkún àti inú rírun ti ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má ka èyí tí wọ́n tì pa. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2009 fún àwọn ilé ìwé tí owó wọn ò pọ̀, ọmọbìnrin 25 ló yẹ kó máa pín ẹyọ kan lò. Ti ọmọkùnrin jẹ́ ẹyọ kan fún 50, pẹ̀lú ibi ìtọ̀ lọ́tọ̀. Ìlànà yẹn kan náà ní ọmọ tó ń gbé inú ilé ìwé nílò omi lítà 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹ ṣírò ó: ọmọ 300 ń fẹ́ lítà 6,000 lójúmọ́. Bí táǹkì ńlá tí wọ́n fi ń yangàn bá gba 10,000, omi inú rẹ̀ kò pé ọjọ́ méjì bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá kọṣẹ́. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ní ń pọn omi lọ́jọ́ kẹta. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń pọn fún àwọn sínọ̀, ẹ ti rí ibi tí ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìtíì bi ẹnikẹ́ni nípa ìyà.

Àìbéèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá paná

Bí ẹ ò bá ní ráyè fún ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ráyè fún èyí. Ta ni àgbà tó ń sùn nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì náà gan-an? Ẹni tó ń sùn nínú ọgbà kọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kọ́. Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹni náà, ta ní sì ń dúró fún un lọ́jọ́ tó bá gba àyè? Ọmọ tí inú bá ń run lóru, ilẹ̀kùn wo ló máa kàn, ṣé ó sì lè débẹ̀ láìjáde síta nínú òkùnkùn?

Ọ̀rọ̀ iná ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2001, iná jó yàrá ìsùn àwọn ọmọkùnrin ní ilé ìwé Kyanguli ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ọmọ 67 ló bá a lọ. Wọ́n ti ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, irin sì wà lójú fèrèsé. Lọ́dún 2023, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin ní Mahdia ní orílẹ̀-èdè Guyana: ilẹ̀kùn títì lóru, irin lójú fèrèsé. Ìdí tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kò ṣòro láti mọ̀: olè níta, ọmọ tó fẹ́ yọ́ jáde nínú. Ṣùgbọ́n iná kì í dúró de ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, ẹ fọwọ́ yín kan nǹkan. Yàrá ńlá yẹ kó ní ilẹ̀kùn méjì tó jìnnà síra, kí wọ́n máa ṣí síta, kí ọmọ sì lè ṣí wọn láti inú láìní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá rí àgádágodo tí wọ́n fi kọ́ sára ilẹ̀kùn níta lọ́sàn-án, ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe lóru. Bí irin bá wà lójú fèrèsé, ó kéré tán, ó yẹ kí ẹyọ kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín. Ẹ wo agolo ìpaná ara ògiri: bí abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ bá ti kúrò lórí àwọ̀ ewé, ọ̀ṣọ́ ògiri ni. Àlàfo àárín bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì yẹ kó gba àgbà láti kọjá láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn. Nípa ìdánrawò sísá fún iná, ẹ má bi ọ̀gá ilé ìwé, ẹ bi ọmọ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "Bí agogo iná bá dún, ibo lẹ máa ń lọ dúró sí?" Bí ìdáhùn wọn bá jẹ́ méjì, wọn ò ṣe é rí, tàbí ó ti pẹ́ jù.

Ẹ tún gba ìwé àtòjọ àkókò wọn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lórí oorun ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, tí ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 13 sí 18 sì nílò 8 sí 10. Ilé ìwé tó ń paná ní aago mẹ́wàá, tó sì ń lu agogo ìjí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ló fún ọmọ yín. Àwọn òbí kan máa ń yìn ín pé ó ń kọ́ ọmọ ní ìgboyà. Orí tábìlì kíláàsì ni ọmọ náà á ti sun èyí tó kù.

Gbígba "irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbí" gbọ́

Ibi tí ọmọ bá ti ń gbé pọ̀ láìsí òbí, ìyà á máa jẹ ẹnì kan nígbà mìíràn. Ohun tó ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ilé ìwé dáadáa àti èyí tí kò dáa ni ohun tí wọ́n ń ṣe bó bá ṣẹlẹ̀. Torí náà, ẹ má béèrè bóyá sínọ̀ ń fìyà jẹ ọmọ níbẹ̀. Ẹ ní: "Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, báwo lẹ ṣe mọ̀, kí lẹ sì ṣe?" Ọ̀gá tó bá sọ ọ́ láìdárúkọ ọmọ, pé ẹnì kan fi sùn, wọ́n pe òbí méjèèjì, wọ́n yí yàrá padà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni yẹn mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó ní kò sí rí, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé rẹ̀, tàbí ó mọ̀ tí kò fẹ́ wí.

Ẹ béèrè bóyá sínọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ọmọ kékeré wí. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè pé kó na ọmọ, kó fi í kúnlẹ̀ tàbí kó rán an níṣẹ́ lóru, ẹ má wulẹ̀ bá wọn jiyàn, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́, pàápàá àwọn tí kì í ṣe olùkọ́: ṣé wọ́n ń wádìí lọ́dọ̀ ibi iṣẹ́ tí ẹni náà ti kúrò, ṣé wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá? Ṣé òfin wà pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ pe ọmọ kan ṣoṣo wọ yàrá rẹ̀?

Kókó míì ni ọ̀nà ìsọ̀rọ̀. Ní England, ìlànà ìjọba fún ilé ìwé bọ́dìn ní kí ọmọ lè bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kó sì mọ ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwé tó lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Níbikíbi tí ẹ bá wà, èyí ni kí ẹ fi wọn ilé ìwé. Fóònù tí ọmọ ń sọ̀rọ̀ sí, tí alábòójútó ń tẹ́tí sí i, tí wọ́n gbé e sí gbangba, kì í ṣe fóònù, lẹ́tà kíkà fún gbogbo ayé ni.

Àwọn tó kéré díẹ̀

Owó: ẹ gba gbogbo rẹ̀ nínú ìwé kan, títí dórí aṣọ, oògùn, ìrìn àjò àti owó tí wọ́n máa dá padà bí ọmọ bá kúrò láàárín sáà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń fẹ́ kí òbí kọ̀wé fún wọn ní sáà kan gbáko ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó san owó sáà tó ń bọ̀ lórí ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà jíjìn: ẹ má ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀wò, ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú aago méjì òru tí wọ́n bá pè yín.

Fífi àìsàn ọmọ pa mọ́

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gba ọmọ wọlé, wọ́n á dákẹ́ lórí ikọ́ fée, wárápá, fòní-kú-fọ̀la-dìde tàbí ìtọ̀ orí ẹní. Àárín òru ni àṣírí yẹn máa ń tú, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ kọ ojú ewé kan ṣoṣo: orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn, ìwọ̀n àti aago rẹ̀, àmì tó ń ṣáájú, ohun tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe, nọ́ńbà dókítà. Kí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀dà kan, kí alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì gba èkejì. Ọmọ oníkọ́ fée gbọ́dọ̀ ní inhaler rẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń fà sẹ́nu, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Èyí tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá aláìsàn, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ti relé, kò wúlò. Ọmọ tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde kò gbọdọ̀ fi omi tútù wẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná dé ìwọ̀n 38.5 lórí tẹmomítà, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe "ẹ jẹ́ ká wò ó di àárọ̀". Ẹ béèrè mọ́tò wo ló máa gbé e, ta ló máa wà á, ìṣẹ́jú mélòó sì ni.

Fífi bọ́dìn tún ọmọ ṣe

Ọmọ tó ń purọ́ tàbí tó ń jà nílé kì í fi èyí sílẹ̀ sẹ́nu géètì. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún un pé ìyà ni bọ́dìn, kò ní fi ohun tó bá ń ṣe é níbẹ̀ sùn, torí ó rò pé ohun tí ẹ fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ dán ọmọ wò: kó lọ sùn lálẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ìbátan, láìsí yín. Ṣé ó wẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e? Ṣé ó fọ ṣọ́ọ̀sì rẹ̀? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: nígbà tí nǹkan kan dùn ún, ṣé ó sọ fún àgbà tó wà níbẹ̀, àbí ó ń mú un mọ́ra dè yín? Ọmọ tó ń mú un mọ́ra kò tíì tó lọ.

Ṣíṣe àdéhùn tí kò yẹ

"Bí kò bá bá ẹ lára mu, pè mí, màá wá gbé ẹ lọ́la." Ẹ má sọ ọ́. Àárò ilé máa ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá rí ọ̀rẹ́. Ọmọ tó ní àdéhùn yìí lápò kì í wá ọ̀rẹ́, fóònù ló ń dúró dè. Ẹ sọ ọjọ́ pàtó tí ẹ máa pè àti ọjọ́ tí ẹ máa wá, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́.

Àárò ilé ní àmì tirẹ̀: ẹkún nírọ̀lẹ́, "mo fẹ́ wálé", tí ọmọ náà ṣì ń ròyìn eré àti oúnjẹ. Òmíràn kì í ṣe àárò: ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún owó léraléra, tí ẹ̀rù sì ń bà á bí ẹ bá dárúkọ ẹnì kan tàbí ibì kan. Èyí ò gba "fara dà á". Ẹ wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ó tó wọlé, ẹ jọ mú gbólóhùn kan tí kò jọ nǹkan kan, irú bíi "Ṣé bàtà mi àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" Bí ó bá ti sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ má béèrè ìdí, ẹ dáhùn pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀. Ẹ fi dánra wò nílé bí ẹ̀ẹ̀mejì, kí òun wà nínú yàrá kan, kí ẹ̀yin wà nínú èkejì.